Òkúta Òkè Kyoto àti Ọ̀bẹ Ìdáná Jàpáànì

Ọ̀bẹ ìdáná ilẹ̀ Jàpáànì lókìkí káàkiri ayé nítorí bí ojú rẹ̀ ṣe mú. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn, wọ́n á sì tún yin irin tó fi rọ ọ́. Òkúta tí wọ́n fi pọ́n ọn kì í sábà bọ́ sí wọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀bẹ bá kúrò nílé arọ, irin lásán ṣì ni. Orí òkúta ló ti ń di ọ̀bẹ. Inú àwọn òkè tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Kyoto ni òkúta tó kúnná jù lọ fún iṣẹ́ yìí ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìtàn òkúta náà àti ìtàn oúnjẹ Jàpáànì sì lọ́ mọ́ra wọn débi pé ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ èkejì.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ irin í yọ́ ni ọmọ ènìyàn ti ń pọ́n nǹkan lórí òkúta. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú àáké olókùúta jáde ní Jàpáànì tí ọjọ́ orí wọn lé ní 30,000 ọdún, tí ojú wọn dán nítorí pé wọ́n ti lọ̀ ọ́ lórí òkúta mìíràn. Wọ́n wà lára àáké lílọ̀ tó pẹ́ jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì rí láyé. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó ń rí wọn nínú oko sọ pé àrá ló jù wọ́n sílẹ̀ láti ojú ọ̀run, wọ́n sì ń pè wọ́n ní àáké àrá. Kò ní ṣe àjèjì létí ẹni tó bá mọ ojúbọ Ṣàngó, torí irú àáké lílọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹdùn àrá tó wà níbẹ̀.

Irin dé Jàpáànì láti ilẹ̀ Korea àti Ṣáínà ní ọ̀rúndún mélòó kan ṣáájú ìbí Kristi. Nígbà tí ìjọba ọba fìdí múlẹ̀ nílùú Nara ní ọ̀rúndún kẹjọ, òkúta ìpọ́nbẹ ti di ohun tí ààfin ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn agbègbè. Ilé ìṣúra kan wà ní Nara tí wọ́n ń pè ní Shōsōin, níbi tí wọ́n kó ohun ìní Ọba Shōmu sí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 756. Àwọn ìwé inú ilé ìṣúra náà dárúkọ òkúta tó ń wá láti Iyo, agbègbè tó ń jẹ́ Ehime lónìí ní erékùṣù Shikoku. Engishiki, ìwé òfin àti ìlànà ìjọba tí wọ́n parí ní ọdún 927, tún dárúkọ òkúta Iyo yìí lára ohun tí agbègbè náà ń san bí ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀bẹ tó wà nínú Shōsōin gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì jọ idà kékeré ju ọ̀bẹ ìdáná tí a mọ̀ lónìí lọ.

Ìtàn kan bá ọgbọ́n irin àti ìwé wá láti Ṣáínà. Inú ìwé Zhuangzi ló wà, ó sì dá lórí alásè kan tó ń kun màlúù fún olóyè ńlá kan. Ọdún 19 ni alásè náà ti fi ọ̀bẹ kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́, ojú ọ̀bẹ náà sì dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òkúta, nítorí pé àlàfo àárín oríkèé ló máa ń tọ̀, kì í fi ọ̀bẹ kan eegun. Láyé ìgbà yẹn pàápàá, òkúta ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ọ̀bẹ ṣe mú.

Ìdí tó fi jẹ́ Kyoto ni òkúta tó dára jù gbé wà kò sí lórí ilẹ̀, ìsàlẹ̀ òkun ló wà. Ní nǹkan bí 250 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àpáta òkè wọ̀nyí ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun ńlá kan, níbi tó jìnnà sí etíkun gbogbo débi pé yanrìn odò kò lè dé ibẹ̀. Ohun méjì ló ń rọ̀ wálẹ̀ síbẹ̀. Èkínní ni eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé láti orí ilẹ̀ gbígbẹ wá. Èkejì ni karawun àwọn ẹ̀dá omi tí ojú lásán kò lè rí, èyí tó jẹ́ irú èròjà kan náà tó wà nínú yanrìn àti dígí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rọ̀. Ó lè gba ẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹrẹ̀ náà tó fi mìlímítà mélòó kan ga sí i. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ abẹ́ òkun tó ń rìn gbé ẹrẹ̀ tó ti di òkúta yìí, ó sì tì í mọ́ ara ilẹ̀ Jàpáànì. Ooru àti ìwúwo ilẹ̀ mú un le, ṣùgbọ́n kò le jù. Ká ní ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin ì bá máa yọ̀ lórí rẹ̀ láì jẹ; ká ní ó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì bá máa rún. Quartz inú rẹ̀ kéré débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ìdá méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú ìdá 1,000 mìlímítà, amọ̀ kíkúnná ló sì so wọ́n pọ̀. Àwọn ilẹ̀ mìíràn ní òkúta tiwọn, bí òkúta ìyeyè agbègbè Ardennes ní Bẹ́ljíọ̀mù tó kún fún garnet, tàbí òkúta funfun Arkansas ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi òróró lò. Síbẹ̀, ó ṣòro láti rí ibi mìíràn tí òkúta tó kúnná tó báyìí ti pọ̀ tó ti Kyoto, tó sì tún sún mọ́ ìlú ńlá bẹ́ẹ̀.

Òkúta tó kúnná nìkan kò lè pọ́n ọ̀bẹ. Ó máa pẹ́ jù kó tó jẹ irin tó ti kú tàbí tó ti fọ́ lójú. Nítorí náà, láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn olùpọ́n Jàpáànì ti pín òkúta sí ọ̀nà mẹ́ta. Arato ni èyí tó ń ha, tí wọ́n fi ń yọ ibi tó fọ́, tí wọ́n sì fi ń tún ìrísí ọ̀bẹ ṣe. Òkúta oníyanrìn ni, irú èyí tí wọ́n ń mú wá láti Ōmura. Nakato ni ti àárín, láti Iyo, láti Amakusa ní gúúsù, tàbí òkúta aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń wà ní Kameoka, nítòsí Kyoto. Awasedo ni àṣekágbá, ti òkè Kyoto sì ni. Àwọn orúkọ bíi Narutaki, Nakayama, Ōhira àti Shōbudani jẹ́ orúkọ ibi tí wọ́n ti ń wà á, àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ sì ń pè wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ìtàn tí ìdílé Honma ń pa ni pé ní ọdún 1190, Minamoto no Yoritomo, ọ̀gágun tó dá ìjọba àwọn shogun sílẹ̀, fi baba ńlá wọn jẹ olórí àwọn awakùsà òkúta ìpọ́nbẹ ní gbogbo Jàpáànì. Yálà gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ báyẹn tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun kan dájú: ìjọba jagunjagun kò lè fi òkúta yìí ṣeré. Idà samurai, ìyẹn àwọn jagunjagun náà, tí kò bá mú kò wúlò. Ọwọ́ ìdílé kan sì ni ọ̀nà òkúta náà wà fún ọ̀pọ̀ ìran, wọ́n ń pinnu ẹni tó lè wà á àti ibi tó ń gbà.

Ọ̀dọ̀ àwọn olùpọ́n idà ni ọgbọ́n òkúta ti kọ́kọ́ dàgbà. Ìdílé Hon'ami ní Kyoto ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Láti ayé àwọn shogun Ashikaga ni wọ́n ti ń pọ́n idà, tí wọ́n sì ń wo ara idà sọ ẹni tó rọ ọ́. Hon'ami Kōetsu, ẹni tí wọ́n bí ní 1558 tó sì kú ní 1637, jáde láti inú ìdílé yìí. Àwọn ará Jàpáànì tún mọ̀ ọ́n fún ìkọ̀wé aláràbarà àti fún abọ́ amọ̀ tó ń mọ. Idà kan ṣoṣo lè lo òkúta mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti orí èyí tó ń ha dé èyí tó kúnná jù. Ní ìparí, olùpọ́n á mú òkúta Narutaki tó ti là bíi pẹlẹbẹ, á lọ̀ ọ́ títí tó fi fẹ́lẹ́ ju èékánná lọ, á fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà fún agbára, á sì fi àtàǹpàkò máa tì í lórí irin náà ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba. Ohun tó ń wá nígbà yẹn kọjá kí idà gé nǹkan. Ó fẹ́ kí ìlà tó wà láàárín irin líle àti irin rírọ̀ hàn kedere. Iṣẹ́ yìí máa ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì ń kọ́ ọwọ́ àti ojú ní ohun tí wọn kò ní gbàgbé. Nígbà tí ọgbọ́n náà wá dé ìdí iná oúnjẹ, ó dé pẹ̀lú gbogbo òye tí wọ́n ti kó jọ lórí idà.

Oúnjẹ Jàpáànì fúnra rẹ̀ ló pe ọgbọ́n náà wá. Ní ọdún 675, Ọba Tenmu pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe jẹ ẹran màlúù, ẹṣin, ajá, ọ̀bọ àti adìyẹ láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án, nínú ìlànà ẹ̀sìn Buddha. Àṣẹ náà kò fìgbà kan pa ẹran jíjẹ rẹ́ pátápátá, àmọ́ òun àti àwọn àṣẹ tó tẹ̀ lé e sọ ẹja di olórí oúnjẹ. Ẹja tútù tí wọn kò fi iná kàn kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Bí ọ̀bẹ bá kú, ńṣe ló ń fún ẹran ara ẹja náà pọ̀ kó tó gé e. Omi á jáde, ojú ibi tí wọ́n gé kò ní dán mọ́, adùn rẹ̀ á sì dín kù. Bí ọ̀bẹ bá mú dáadáa, ojú ibi tí wọ́n gé á máa tàn. Nítorí èyí ni àwọn alásè Jàpáànì fi ka gígé sí ara sísè gan-an. Nínú ààfin, ó di ayẹyẹ: olóyè kan ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, Fujiwara no Yamakage, ni ìtàn sọ pé ó ṣètò ìlànà bí wọ́n ṣe ń gé ẹja níwájú ọba pẹ̀lú ọ̀bẹ gígùn àti igi ìjẹun méjì, láì fi ọwọ́ kan ẹja náà rárá. Ilé ẹ̀kọ́ Shijō tó ń tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ṣì ń ṣe ayẹyẹ yìí lónìí.

Ìlú Sakai, èbúté tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Ōsaka, ló wá di ilé ọ̀bẹ. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti wà ní agbègbè náà láti ìgbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ibojì ńláńlá ti ọ̀rúndún karùn-ún, torí ẹni tó bá máa kó irú iyẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ nílò ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Nígbà tí àwọn Potogí mú ìbọn dé erékùṣù Tanegashima ní 1543, Sakai wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n rọ. Tábà ló sì sọ wọ́n di ọlọ́bẹ. Àwọn Potogí kan náà ló mú un wá, nígbà tó sì máa fi di òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ènìyàn ti ń gé ewé tábà wẹ́wẹ́ bí okùn tín-ín-rín. Ọ̀bẹ tí Sakai rọ fún iṣẹ́ yìí mú ju ti ibòmíràn lọ débi pé ìjọba àwọn shogun Tokugawa fún un ní òǹtẹ̀ tirẹ̀, ó sì fi òǹtẹ̀ náà dáàbò bo ọjà ìlú náà káàkiri ilẹ̀. Ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Sakai ti ń ta deba pẹ̀lú, ọ̀bẹ tó wúwo lẹ́yìn tí wọ́n fi ń gé orí ẹja tí wọ́n sì fi ń yọ egungun rẹ̀. Yanagiba tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ń gé ẹja tútù pẹlẹbẹ, àti usuba tó wà fún ẹ̀fọ́, jẹ́ ẹbí rẹ̀.

Bí ọ̀bẹ bá mú tó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, àwọn ará Sakai sì gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pátápátá. Alágbẹ̀dẹ wọn kì í pọ́n ọ̀bẹ. Ó máa ń rọ irin, á fi irin líle lẹ̀ mọ́ irin rírọ̀, á fi iná so wọ́n pọ̀, á sì tì í bọ omi kó le. Lẹ́yìn náà, á gbé e fún olùpọ́n, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan nìyẹn láti ìgbà èwe. Ẹlòmíràn ló ń ṣe èèkù. Ètò yìí ti wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ó sì mú kí olùpọ́n ní iyì kan tí kò ní ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, níbi tó jẹ́ pé onírìn-àjò tó ń kiri òpópónà ni ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Irú bẹ́ẹ̀ wà ní Jàpáànì náà: ní ìlú Edo, tó ń jẹ́ Tókíò lónìí, àwọn apọ́nbẹ ń gbé òkúta àti ìkòkò omi láti ilé dé ilé, wọ́n ń ké bí wọ́n ṣe ń lọ. Àmọ́ ọ̀bẹ alásè tó ń ṣe iṣẹ́ oúnjẹ kì í dé ọwọ́ wọn. Alásè ló ń pọ́n tirẹ̀, lálaalẹ́, lẹ́yìn tí oníbàárà ìkẹyìn bá ti lọ.

Ìrísí ọ̀bẹ Sakai fi hàn pé òkúta ni wọ́n fi lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó dà gẹ̀rẹ́ sílẹ̀ dé ojú. Ẹ̀gbẹ́ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ wọ́n ti gbẹ́ àárín rẹ̀ wọnú díẹ̀, kó lè jẹ́ pé etí nìkan ni yóò fara kan òkúta. Irin líle wà ní ẹ̀gbẹ́ yìí, ó sì fẹ́lẹ́. Irin rírọ̀ ló bo ìyókù, torí náà ìwọ̀nba irin líle ni òkúta ní láti jẹ. Ọ̀bẹ tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin líle wà pẹ̀lú, ó sì wọ́n gan-an, àmọ́ pípọ́n rẹ̀ gba sùúrù tó ju ti òmíràn lọ.

Ẹni tó fẹ́ pọ́n yanagiba á kọ́kọ́ ri òkúta àárín sínú omi títí tó fi mu omi yó. Á gbé e lé orí igi tàbí aṣọ tútù kó má baà yọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún á di èèkù mú. Ìka méjì tàbí mẹ́ta ti ọwọ́ òsì á tẹ irin mọ́ òkúta, ní ibi tí ó fẹ́ kó jẹ gan-an. Kò ní wọn igun kankan. Ẹ̀gbẹ́ tó dà sílẹ̀ yẹn ni yóò tẹ́ sórí òkúta, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ bí ọ̀bẹ yóò ṣe dùbúlẹ̀. Á tì í lọ, á fà á bọ̀, á máa yí ìka rẹ̀ padà láti ìdí dé ṣóńṣó, gbogbo gígùn òkúta ló sì máa lò. Láìpẹ́, omi á dúdú, ẹrẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń fẹ́ fọ ẹrẹ̀ yìí dànù. Kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, torí inú ẹrẹ̀ náà ni èyí tó pọ̀ nínú ohun tó ń jẹ irin wà. Ìwọ̀nba omi díẹ̀ ni wọ́n á máa kán sí i kó má gbẹ. Lẹ́yìn náà, á fi ìka gba ẹ̀yìn ọ̀bẹ, láti inú síta, kó má fi gé ara rẹ̀. Bí ìka náà bá pàdé irin tín-ín-rín kan tó ti tẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kejì, láti ìdí dé ṣóńṣó láì já, a jẹ́ pé òkúta ti jẹ dé ojú ọ̀bẹ nìyẹn. Bí kò bá tíì sí níbì kan, ibẹ̀ ni á padà sí.

Nígbà náà ni á yí ọ̀bẹ padà, á tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́ òkúta, á sì fà á ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀. Apá yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ọ̀bẹ jẹ́, torí pé bí wọ́n bá pọ́n ẹ̀yìn jù, ibi tí wọ́n gbẹ́ wọnú á parẹ́, ọ̀bẹ náà á sì sọ ìrísí rẹ̀ nù, ó sì ṣòro kí ó tó padà sípò. Lẹ́yìn èyí ló kan òkúta Kyoto. Wọn kì í ri ín sínú omi. Ìwọ̀nba omi díẹ̀ ni wọ́n ń wọ́n sí i lórí. Wọ́n á mú òkúta kékeré kan tí wọ́n ń pè ní nagura, á lọ̀ ọ́ lórí òkúta ńlá títí ẹrẹ̀ funfun á fi yọ, orí ẹrẹ̀ yìí ni ọ̀bẹ á sì máa rìn. Ọwọ́ á fúyẹ́ sí i bó ṣe ń lọ, dé ibi tó jẹ́ pé ìwúwo ọ̀bẹ nìkan ló kù. Ìlà tí òkúta àárín fi sílẹ̀ lójú ọ̀bẹ á parẹ́ díẹ̀díẹ̀, irin tín-ín-rín tó tẹ̀ yẹn á sì já kúrò. Nígbà tí ó bá tán, irin líle á máa dán, irin rírọ̀ tó wà lókè rẹ̀ á sì rí funfun bí ìkùukùu. Àwọ̀ méjì yìí kì í sábà jáde dáadáa lórí òkúta àtọwọ́dá. Òun ni àwọn ọ̀gá fi ń mọ iṣẹ́ òkúta Kyoto lórí ọ̀bẹ, kódà bí a kò bá sọ fún wọn.

Òkúta fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Ibi tí ọ̀bẹ ń gbà jù máa ń jin, òkúta tó bá sì jin kò ní jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ tẹ́ mọ́. Nítorí náà wọ́n ń fi òkúta mìíràn lọ̀ ọ́ títí yóò fi tẹ́ padà. Òkúta Kyoto wà ní ìpele ìpele, omi sì lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kó là á sí méjì, pàápàá nígbà òtútù tí omi ń dì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ní i fi ń fi oje igi kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn. Òkúta méjì láti ihò kan náà kì í rí bákan náà. Ọ̀kan ní àwọ̀ ìyeyè bí pupa ẹyin, ọ̀kan aláwọ̀ eérú tó sì le. Òmíràn ní ihò wẹ́wẹ́ lára, tó ń jẹ irin kíákíá. Òmíràn tún wà tí ìlà pupa tí wọ́n ń pè ní okùn irin gba inú rẹ̀ kọjá, tí ó lè fọ́ ojú ọ̀bẹ tó bá gba orí rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà lórí wọn. Ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ wọ́n omi sí i, kó fi irin lé e, kó sì fetí sí ohùn rẹ̀.

Àyípadà ńlá dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1868, ìjọba shogun parí. Ní 1876, ìjọba tuntun fòfin de samurai láti máa gbé idà kiri ìgboro. Ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ idà àti olùpọ́n idà kò ní iṣẹ́ mọ́ láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì yíjú sí ọ̀bẹ, àdá àti irinṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ní oṣù kìíní 1872, Ọba Meiji ti jẹ ẹran màlúù ní gbangba, ọ̀bẹ tuntun sì wọlé pẹ̀lú ẹran náà: gyūtō, tí wọ́n wo ti àwọn ará Yúróòpù rọ, tó dà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òkúta Kyoto kò jìyà nígbà yìí. Àwọn onígbàjámọ̀ di oníbàárà tuntun, torí gígé irun lọ́nà òyìnbó gbòde, abẹ ìfárí sì ń fẹ́ òkúta tó kúnná ju ti ọ̀bẹ lọ. Ihò púpọ̀ ni wọ́n ṣí lórí àwọn òkè náà láàárín àkókò yìí.

Ohun tó máa borí òkúta náà ti ń hù ní ìdàkejì ayé. Ní 1891, Edward Goodrich Acheson ní Pennsylvania fi iná mànàmáná mú amọ̀ àti èédú gbóná janjan, ó ń wá dáyámọ́ńdì àtọwọ́dá. Ohun tó rí ni silicon carbide, tó sọ ní Carborundum, ó sì le ju gbogbo ohun tí àwọn òkúta ìpọ́nbẹ àtijọ́ fi ń jẹ irin lọ. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi yọ́ alumina fún irú iṣẹ́ kan náà. Láti ìgbà yẹn, ó ṣeé ṣe láti lọ ohun líle kúnná, láti sẹ́ ẹ, láti fi amọ̀ tàbí oje dì í, kí wọ́n sì tà á ní iye kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, lójoojúmọ́. Jàpáànì gbà á tán. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òkúta King aláwọ̀ ilẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000, di ohun tó wà nílé ìdáná káàkiri. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí yanrìn inú òkúta ṣe kéré tó: nínú ìlànà ìwọ̀n Jàpáànì, ti 1000 jẹ́ nǹkan bí ìdá 12 nínú 1,000 mìlímítà, ti 8000 sì lé díẹ̀ ní ìdá kan. Ẹni tí kò tíì fojú rí olùkọ́ kan rí lè ra òkúta mẹ́ta, kó sì pọ́n ọ̀bẹ tó mú gan-an. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún mùtúmùwà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀ nítorí ìfẹ́ òkúta àtijọ́.

Abẹ Gillette, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1903, gba oníbàárà òkúta Kyoto lọ́nà mìíràn, torí abẹ tí wọ́n ń jù nù kì í fẹ́ òkúta. Iṣẹ́ inú ihò sì le: òkùnkùn, omi, eruku tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àti òkè tó lè wó. Àwọn ọmọ awakùsà lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àti ọ́fíìsì. Ìpele òkúta tó dára ní àwọn ibi olókìkí bíi Nakayama ti tán tàbí ó ti jìn jù. Ihò dé orí ihò ni wọ́n ń tì láàárín ọ̀rúndún ogún, nígbà tó sì fi máa parí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù tí wọ́n ṣì ń wà. Ọ̀pọ̀ òkúta tí wọ́n ń tà lónìí jẹ́ èyí tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ìgbà náà, tàbí èyí tí ìdílé olùpọ́n tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà kan jogún. Iye tí wọ́n ń ta òkúta Nakayama ńlá kan tí kò lábàwọ́n lè ju iye ọ̀bẹ tí wọ́n fẹ́ fi pọ́n lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ìlú Sakai kò dúró. Ìjọba Jàpáànì ka ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ní 1982. Ní 2013, UNESCO fi àṣà oúnjẹ Jàpáànì sínú ìwé ogún ìran ènìyàn, àwọn alásè láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ń wá ọ̀bẹ náà lójú méjèèjì. Ilé olùpọ́n ní Sakai lónìí ní àgbá òkúta àtọwọ́dá ńlá tí iná mànàmáná ń yí nínú omi fún iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ àtọwọ́dá fún ti àárín, àti, fún ọ̀bẹ tí owó rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, òkúta òkè Kyoto tàbí ẹrẹ̀ rẹ̀ fún àṣekágbá. Àwọn ilé ìtajà ọ̀bẹ níbẹ̀ àti ní Tókíò ń kọ́ àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ, orí òkúta 1000 ni wọ́n sì sábà ń ti bẹ̀rẹ̀.